Wàláhì Tí Mo Búra Lórí Agolo Tòmátò

Múínátù, Àjọkẹ́ mi,

Ṣé o ti jẹun? Lọ jẹun ná, kí o tó padà wá ka èyí, nítorí ó gùn. Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ bá òun kí ọ kí n tó sọ tẹnu mi, ó sì dúró sẹ́yìn mi títí mo fi kọ ọ́. Ó kí ọ. Adámà alálùbọ́sà kí ọ. Gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́ ní ìsọ̀ wa ní ọjà Adjamé, ní Abidjan níbí, ló ń béèrè rẹ.

Mo gbọ́ ohun tí o bá ìyá rẹ sọ lánàá. Kì í ṣe pé mo yọ́ etí gbọ́ o. Ìyá rẹ kò mọ bí wọ́n ṣe ń dín ohùn fóònù kù, gbogbo àdúgbò wa ní Attécoubé ló gbọ́. Jẹ́ kí n tún un sọ fún ọ, kí o lè mọ̀ bóyá ó yé mi.

Kò tíì pé oṣù méjì tí ìjọba gbé ọ lọ sí Korhogo lápá àríwá láti máa kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìṣirò. Ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ọ̀gá ilé ìwé wọ kíláàsì rẹ, ó jókòó sẹ́yìn, ó mú bíírò jáde. O fẹ́ fi nǹkan tó dùn han àwọn ọmọ. O ya róbótó ńlá kan sí bọ́ọ̀dù. O ní bí a bá fi àmì kan sí etí róbótó, ègé kan náà ló ṣì jẹ́. Bí àmì bá di méjì, tí a fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì, ó di ègé méjì. Àmì mẹ́ta, tí a fa ìlà so gbogbo wọn mọ́ra wọn, ègé mẹ́rin. Àmì mẹ́rin, ègé mẹ́jọ. Àmì márùn-ún, ègé mẹ́rìndínlógún. Ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì. Inú rẹ dùn, o kọjú sí wọn, o ní kí wọ́n má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu láti ka ti àmì mẹ́fà, pé méjìlélọ́gbọ̀n ni, ó ti parí. Ni ọmọbìnrin kan bá nawọ́ sókè, ó ní, “Madame, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo rí.” O ní kó tún un kà. Gbogbo kíláàsì kà á. Ìwọ náà kà á. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá ilé ìwé sì kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó dìde, ó jáde.

Láti ọjọ́ yẹn, àyà rẹ ń já láti wọ kíláàsì. O sọ fún ìyá rẹ pé, “Maman, j'ai gâté, mo ti bà á jẹ́. Mò ń bọ̀ nílé.” Ìyá rẹ náà kò sì rò ó lẹ́ẹ̀mejì. “Máa bọ̀ jàre! Yako, pẹ̀lẹ́, ọmọ mi, yàrá rẹ wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó gbé e lọ.” Nígbà tó gbé fóònù fún mi, mo kàn ń ní “hẹn, hẹn” bí ẹni tí eyín ń dùn. Ẹkún rẹ ló ká mi lẹ́nu kò. Ìdí nìyí tí mo fi lọ ra bébà.

Mo mọ̀ pé o máa ní, èé ṣe tí Papa fi ń kọ Yorùbá sí mi, nígbà tó mọ̀ pé n kì í kà á dáadáa. Ò ń gbọ́ ọ ju bí o ṣe ń sọ ọ́ lọ, o sì ń sọ ọ́ ju bí o ṣe ń kà á lọ. Ó dára. Ka lẹ́tà yìí sókè. Etí rẹ á dá ohun tí ojú rẹ kò bá mọ̀ mọ̀. Àwọn nọ́ńbà náà, Yorùbá ni màá fi kọ wọ́n, má bínú. Láti kékeré ni o ti kórìíra “dín” inú nọ́ńbà wa. O máa ń ní, “Papa, kí ló dé tí ẹ̀yin ò lè sọ ohun tó wà, àfi ohun tí kò sí?” Èmi náà ò mọ̀. Mo ṣì ń rò ó.

Ó yá, ọ̀rọ̀ kìíní.

Má fi ohun márùn-ún tí o rí búra fún ẹ̀kẹfà. Èmi ni kí o bi léèrè, mo ti jẹ nínú rẹ̀ rí, ó sì korò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́ nígbà náà. Bóyá o ti gbàgbé bó ṣe bẹ̀rẹ̀, nítorí òpin rẹ̀ nìkan ni ẹ máa ń sọ tí ẹ bá fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé.

O mọ bí mo ṣe máa ń to agolo tòmátò síwájú ìsọ̀ láràárọ̀. Ìpele ìsàlẹ̀ á ní agolo mẹ́rin ní gígùn àti mẹ́rin ní ìbú. Mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta á wà lórí ìyẹn. Méjì lọ́nà méjì á wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo á wá dé e lórí bí fìlà. Ẹni tó bá ń kọjá á rí i láti òkèèrè. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, màá tú gbogbo rẹ̀, màá tò wọ́n pẹrẹsẹ sínú àpótí pákó abẹ́ tábìlì, ìpele kan péré. Èmi ni mo kan àpótí yẹn. Ó dọ́gba ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé agolo yẹn kì í kún un régé láé. Yálà kí ó ṣẹ́ kù, tàbí kí àyè ṣófo. Mo kan àpótí ńlá, mo kan kékeré, mo fi ìpele kún ilé agolo, mo yọ ìpele kúrò, asán.

Mo wá jókòó, mo rò ó. Ìpele méjì, agolo márùn-ún: ó fi ọ̀kan lé sí méjì lọ́nà méjì. Ìpele mẹ́ta, mẹ́rìnlá: ó ku méjì kó pé mẹ́rin lọ́nà mẹ́rin. Ìpele mẹ́rin, ọgbọ̀n. Márùn-ún, márùndínlọ́gọ́ta. Mẹ́fà, mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Méje, ogóje, tó ku mẹ́rin péré kó jẹ́ méjìlá lọ́nà méjìlá! Ogóje yẹn ló mú inú bí mi jù. Mo yíjú sí Adámà, ọmọ ẹ̀yà Júlà tó ń ta àlùbọ́sà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láti ìgbà tí mo ti gba ìsọ̀ náà. Mo ní, “Adámà, kò sí i. Àyàfi agolo kan ṣoṣo tó dá dúró, kò sí iye ìpele tó lè kún àpótí régé.” Adámà rọra gbé ojú sókè. Ó ní, “Ìpele méje lo kà. Ṣé nọ́ńbà parí sí méje ni?” Háà! Ṣé irú ìbéèrè tí wọ́n ń bi ẹni tí inú ń bí nìyẹn? Mo nàró láàárín ọjà, mo sì ní, “Wàláhì tàláhì, kò sí i!” Gbogbo èèyàn yíjú.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìwọ jókòó sórí àpò ìrẹsì, ò ń mu omi yìnyín. Àṣé o ti gbọ́.

Àkókò ìsinmi ilé ìwé ni. Láti ọjọ́ kejì, o bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára pákó ìlẹ̀kùn ìsọ̀. Ní apá kan, iye agolo tó wà nínú ilé agolo. Ní apá kejì, ọ̀kan lọ́nà ọ̀kan, méjì lọ́nà méjì, mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta, títí lọ. Òjò fọ apá kan dànù, o tún un kọ. Mo ní kí o lọ ṣeré pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ, o ní eré lò ń ṣe. Ìyá rẹ ní kí n fi ọ́ sílẹ̀, ó ní ó sàn ju kí o máa sáré lójú títì lọ. Ẹ̀rín ni mò ń rín. Àgbà kan tó ti búra, kí ni yóò bẹ̀rù lọ́wọ́ ṣọ́ọ̀kì?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, o fa aṣọ mi. “Papa, viens voir, wá wò ó.” Ìpele mẹ́rìnlélógún. Agolo ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó dín ọgọ́rùn-ún. Ní apá kejì pákó, àádọ́rin lọ́nà àádọ́rin: ẹgbẹ̀rún márùn-ún ó dín ọgọ́rùn-ún. Kò ṣẹ́ kù, kò sì dín.

Mo ní irọ́ ni. Mo mú pẹ́ńsù, mo rò ó láti orí agolo àkọ́kọ́. Adámà náà rò ó lọ́nà tirẹ̀. A ṣe é títí tí oníbàárà méjì fi bínú lọ. Òótọ́ ni. Bí a bá to agolo náà ní ìpele mẹ́rìnlélógún, á ga ju òrùlé ìsọ̀ lọ fíìfíì, ta ló sì ní agolo tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n n kò búra pé mi ò ní agolo. Mo búra pé kò sí iye bẹ́ẹ̀. Ó sì wà, ó jókòó síbẹ̀ láti ìgbà tí Ọlọ́run ti dá ayé, ó ń wò mí.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n kò dùn mọ́ mi nínú lọ́jọ́ yẹn o, kí n má parọ́ fún ọ. Ojú tì mí. Mo fẹ́ pa ṣọ́ọ̀kì náà rẹ́. Mo tilẹ̀ gbé àkísà.

Ìyá rẹ ló mú mi lọ sọ́dọ̀ àfáà àdúgbò wa. Àfáà gbọ́ ẹjọ́ náà, ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ, ó wá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá Múínà, ohun tí o gbà gbọ́ pé òótọ́ ni o búra lé lórí. Ìyẹn kò ní ìtánràn. Ẹni tó bá búra nípa ohun tí ń bọ̀ wá, tí kò wá rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló gbọ́dọ̀ san kafárà: kó bọ́ aláìní mẹ́wàá, bí kò bá sì lágbára rẹ̀, kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.” Mo ní, “Àfáà, ẹ jẹ́ n san án. Ẹnu mi ló nílò rẹ̀.”

Ìyá rẹ se ìrẹsì àti ọbẹ̀ ẹ̀pà. A pe àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ́jà, a pe ìyá arúgbó méjì tó ń gbé lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Ìwọ lo ka àwọn àlejò, mẹ́wàá géérégé. Wọ́n jẹun tán, ọ̀kan nínú wọn ní, “Bàbá, ẹ ṣeun. Kí lẹ torí rẹ̀ ṣe sàráà yìí? Ṣé ẹnìkan kú ni?” Mo ní, “Rárá. Ìṣirò ni.” Kò yé wọn. O wá mú ṣọ́ọ̀kì, o ṣàlàyé fún wọn lórí pákó. Mo rí wọn, àwọn àgbà ọkùnrin tí ọbẹ̀ ṣì wà létè wọn, wọ́n ń bi ọ́ ní ìbéèrè, ìwọ sì ń dá wọn lóhùn. Ọ̀kan ní, “Ṣé ó tún máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn mẹ́rìnlélógún?” O ní, “Mi ò mọ̀.” Bí o ṣe sọ “mi ò mọ̀” yẹn, ojú kò tì ọ́ rárá. Ńṣe ni ojú rẹ ń dán. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé tíṣà ni ọ́. N kò sọ fún ọ rí. Mo sọ ọ́ báyìí.

Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, o ti yunifásítì dé, o ní àwọn onímọ̀ ti fi hàn pé kò tún sí òmíràn mọ́, pé lẹ́yìn mẹ́rìnlélógún ó parí títí ayé. Ó yà mí lẹ́nu títí di òní. Ẹni tó dúró sí mẹ́tàlélógún á ní kò sí rárá. Ẹni tó dé mẹ́rìnlélógún á ní ó máa tún wà níwájú. Àwọn méjèèjì ti ṣì í. Kí ni èèyàn wá lè fi ojú lásán mọ̀ nínú ayé yìí?

Nítorí náà, Àjọkẹ́, fi tèmi wé tìrẹ. Tìrẹ, méjìlélọ́gbọ̀n lo sọ, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni. Ègé kan péré! O ò búra. O ò bọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ó parí. Èmi, gbogbo Adjamé ló ń pè mí ní Bàbá Mẹ́rìnlélógún fún odindi ọdún kan, mo sì ṣì ń ta tòmátò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Látìgbà tí o ti ṣubú, iwájú lò ń wò: ta ló rí mi, ta ló ń rẹ́rìn-ín, kí ni ọ̀gá kọ sínú ìwé. Wo ẹ̀yìn. Kí ló dé tó fi ń lọ́po méjì títí dé àmì márùn-ún, tó wá já wa kulẹ̀ ní ẹ̀kẹfà? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ègé kan yẹn? Ìbéèrè gidi nìyẹn, o sì fi í sílẹ̀ lórí bọ́ọ̀dù, ò ń palẹ̀ ẹrù mọ́.

Àti ọmọbìnrin yẹn, èyí tó nawọ́ sókè. Ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Mo mọ̀ ọ́, o ò tíì ṣe é. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo kíláàsì, kí o pe orúkọ rẹ̀. Tíṣà ti ní ìdáhùn kan, ọmọ kékeré sì ka tirẹ̀ fúnra rẹ̀ láìbẹ̀rù. Kí lo tún fẹ́ kọ́ ọ?

Ìyá rẹ ní kí n má gbàgbé láti sọ pé kí o máa kí àwọn aládùúgbò rẹ láràárọ̀, kí o sì má máa fi búrẹ́dì àti kọfí lásán pe ara rẹ ní ẹni tó jẹun. Mo ti sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kàn, mi ò mọ iye tí mo kà dé mọ́. Ṣé o rántí eré tí o kọ́ mi nígbà tí o wà ní ọdún kejì ní yunifásítì? O ní, “Papa, mú nọ́ńbà méjì tó bá wù ọ́. Ro méjèèjì pọ̀, ìyẹn ni ẹ̀kẹta. Ro ẹ̀kejì àti ẹ̀kẹta pọ̀, ìyẹn ni ẹ̀kẹrin. Máa bá a lọ.” Ìwọ mú ọ̀kan àti ọ̀kan: ọ̀kan, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́tàlá, mọ́kànlélógún. Ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. Èmi, olóríkunkun, mo mú mẹ́wàá, mo fi ọ̀kan tẹ̀ lé e, kí n lè dà á rú. Mẹ́wàá, ọ̀kan, mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlélógún, márùndínlógójì, méjìdínlọ́gọ́ta, mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún.

O ní kí n wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, tèmi dà bí wèrè: ó já láti mẹ́wàá sí ọ̀kan, ó tún fò láti ọ̀kan sí mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́ díẹ̀, tèmi àti tìrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bákan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ èyí tó ṣáájú àti ìdajì rẹ̀ ó lé díẹ̀. Mi ò gbà. Mo mú ọgọ́rùn-ún àti méjì. Ibì kan náà ló já sí. Mo ní, “Múínà, ta ló ń sọ fún wọn?” O ní kò sẹ́ni tó ń sọ fún wọn, òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé ló ń mú wọn rìn bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ kò já mọ́ nǹkan kan. Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún kì í ṣe mọ́kànlélógún. Ṣùgbọ́n ìrìn wọn jọra. Ìwọ, mẹ́wàá ni ọ́ ní Abidjan níbí. Gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́, olùkọ́ ń yìn ọ́. O dé Korhogo, o di ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà tèmi náà ṣe já lulẹ̀. Ẹni tó bá wò ó níbẹ̀ nìkan á ní ó ti bàjẹ́. Mọ́kànlá ló tẹ̀ lé e, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó tó lè tẹ̀ lé e.

Ó yá, wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí láàárọ̀ yìí.

Mo ya páálí àpótí tòmátò kan, mo fi àwo tẹ̀ ẹ́, mo ya róbótó. Mo fi àmì mẹ́fà sí i, mo tò wọ́n dọ́gbadọ́gba bí oníṣẹ́ ọwọ́ rere. Mo fa gbogbo ìlà. Mo kà á. Ọgbọ̀n! Mi ò rí méjìlélọ́gbọ̀n rẹ, mi ò rí mọ́kànlélọ́gbọ̀n ọmọ yẹn. Mo ní, ọmọ yìí náà kò mọ̀ ọ́n kà. Mo pe Adámà, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ní, “Ìlà mẹ́ta ló gba ojú kan náà kọjá láàárín.” Mo sún àmì kan díẹ̀, mo tún un yà. Ègé kékeré kan là sí àárín gbùngbùn, kò ju èékánná lọ. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Inú mi dùn bí ẹni tó rí òrùka tó sọnù.

Mo wá tẹjú mọ́ nọ́ńbà náà. Mo ro gbogbo èyí tó ṣáájú pọ̀: ọ̀kan, méjì, mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Yéè! Mo fò dìde. Mo ní mo ti rí i, gbogbo àwọn tó ṣáájú ló para pọ̀ bí èyí tó tẹ̀ lé wọn! Nítorí náà ti àmì méje á jẹ́ méjìlélọ́gọ́ta. Wàláhì náà ti dé orí ahọ́n mi, Múínà. Mo gbé ọwọ́ bo ẹnu. Mo ní, jẹ́ n kà á ná.

Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Adámà kà á. Mẹ́tàdínlọ́gọ́ta.

Ṣé o rí i báyìí? Kòtò tí o jìn sí náà ni mo jìn sí, èmi tí mo ń kọ̀wé láti gbà ọ́ nímọ̀ràn. Ayọ̀ ló bá mi, mi ò parọ́. Ó ti pẹ́ tí nǹkan kan ti yà mí lẹ́nu bẹ́ẹ̀. Páálí náà wà níwájú ìsọ̀, àwọn oníbàárà ń béèrè ohun tó jẹ́. Mo gbìyànjú àmì mẹ́jọ, ìlà pọ̀ jù, ojú mi kò tó o mọ́. Bí mo bá kà á báyìí, mo rí iye kan. Bí mo bá tún un kà, mo rí òmíràn.

Mo ti gbé àpò ẹ̀pà yíyan kan fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì Korhogo. Ti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ ni. O ò jẹ kafárà kankan, ṣùgbọ́n ẹnu tó bá ń jẹ ẹ̀pà kò ráyè rẹ́rìn-ín. Pín in fún wọn, ya róbótó náà padà, kí o sọ pé, “Mo ṣì í. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀ pọ̀.”

Kí n sọ òótọ́ inú mi fún ọ. Èmi náà fẹ́ kí o wálé. Ilé ti dákẹ́ jù. Ìyá rẹ ti nu yàrá rẹ, ó ti tẹ́ ibùsùn, ó so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ etí ìró. Bí o bá kanlẹ̀kùn lọ́la, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ ní ìbéèrè kan. Ilé kì í lé ọmọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án yìí tí mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́. Adámà bi mí pé ṣé òótọ́ ni pé Múínà ń bọ̀. Mi ò mọ ẹni tó sọ fún un, ìyá rẹ ni, ta tún ni? Ó ní, “Jẹ́ kí ọmọ náà máa bọ̀, ó ti sú u.” Inú bí mi. Mo nàró láàárín ọjà, bí mo ṣe nàró lọ́jọ́sí, mo ní, “Wàláhì, Múínátù kò ní sá fún ègé kan!”

Ẹnu mi, àbí kí ni mo tún fẹ́ wí. Ṣùgbọ́n ti agolo yẹn, mo búra nígbà tí mi ò tíì kà ju méje lọ. Ìwọ, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé ọ lé mi lọ́wọ́ ni mo ti ń wò ọ́.

Àfáà ti ní irú èyí, ti ọjọ́ iwájú, ló ní ìtánràn. Ìyá rẹ ò gbà mí gbọ́, ó ti lọ yá ìkòkò ńlá lọ́wọ́ aládùúgbò, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà kí n lè máa rí i. Má jẹ́ kí ìbúra mi dè ọ́. Bí o bá wálé, màá bọ́ mẹ́wàá, ìwọ ló máa ka àwọn àlejò bí o ṣe kà wọ́n nígbà náà, n kò sì ní bínú, nítorí màá rí ojú rẹ. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn tó ń kọjá níwájú páálí yìí ń bi mí léèrè ti àmì mẹ́jọ, mo sì ti sọ fún gbogbo wọn pé ọmọ mi kan wà ní Korhogo, tíṣà ni, òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló máa sọ fún wa.

Èmi bàbá rẹ, Bàbá Mẹ́rìnlélógún. Ìkòkò ṣófo, a ò tíì gbé e kaná. Àmì mẹ́jọ, Àjọkẹ́: ègé mélòó ni?